Ẹni Tó Máa Ń Pè Kó Tó Pa Orúkọ Rẹ́

Láàárọ̀ yìí, mò ń pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́ nínú fóònù mi torí àyè ti kún, ni mo rántí ọ̀gá mi obìnrin níbi iṣẹ́ tí mo ṣe rí ní Ẹgbẹ́dá. Sìlíńdà afẹ́fẹ́ fún àwọn tí kò lè mí dáadáa nílé là ń tà. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni orúkọ àti àdírẹ́sì àwọn oníbàárà wà. Nígbà tí wọ́n pọ̀ débi pé àyè tí a sanwó fún níbẹ̀ kò gba orúkọ tuntun mọ́, oríléeṣẹ́ ní ká pa ẹni tí kò bá ti rajà fún oṣù mẹ́fà rẹ́.

Ọ̀gá mi kì í pa ẹnikẹ́ni rẹ́ láìpè é. Á bọ́ yẹtí rẹ̀ sórí tábìlì, á gbé fóònù sétí: "Ẹ káàsán o. Ṣé ara le?"

Èmi á ní, "Mọ́mì, ìgbà wo la fẹ́ parí èyí?"

"Kì í ṣe gbogbo ẹni tó dákẹ́ ló kú, jàre."

Lọ́jọ́ tí àìsàn dá a dúró sílé, mo pa gbogbo èyí tó kù rẹ́ láìpe ẹnì kankan.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, obìnrin kan pè láti Ìgàndò. Ìgbà ọyẹ́ nìkan ni bàbá rẹ̀ máa ń lo afẹ́fẹ́ wa. Ó ní, "Ẹ ṣáà mọ ilé wa, ẹ tètè máa bọ̀," ó sì gé fóònù. Mo wá orúkọ wọn, n ò rí i. Mo pè é títí, kò wọlé. Ká tó rí ilé náà, bàbá ti kú.

Ọ̀gá mi ò pariwo. Ó bọ́ yẹtí rẹ̀ láti pè wọ́n, kó bá wọn kẹ́dùn, ó wá wò mí.

"Kó o tó pa wọ́n rẹ́, ṣé o pè wọ́n?"