Bóòtù Tí Mágínẹ́ẹ̀tì Kò Gbé

Bóòtù tí mo ní kí wọ́n má lò ló ṣẹ́ tó sì dá àbúrò màmá mi lápá, èmi ni wọ́n wá kọ lẹ́tà ẹ̀bi sí.

Ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó ń ta ẹja yìnyín ní Ìdànrè ló ń kọ́ yàrá òtútù. Àbúrò màmá mi wà lára wọn; òun ló ní kí n wá ya àwòrán ẹ̀, torí iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo kà ní yunifásítì. Mo kọ ọ́ sínú àwòrán pé bóòtù sítenlẹ́ẹ̀sì ni kí wọ́n fi so fáànù ńlá mọ́ àjà. Mo tilẹ̀ lọ ra mẹ́jọ wá láti Àkúrẹ́.

Bàbá tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún, tó ti ń ra irin àlòkù tipẹ́, fa mágínẹ́ẹ̀tì inú rédíò àtijọ́ yọ lápò. Ó fi kan bóòtù mi. Kò gbé e.

"Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ wá wo ohun tí ọmọ yín rà. Irin tí mágínẹ́ẹ̀tì ò gbé, ṣé irin nìyẹn?"

Mo ní irú sítenlẹ́ẹ̀sì yẹn kì í bá mágínẹ́ẹ̀tì ṣe, àti pé òun gan-an ni òtútù kì í sọ di ẹlẹgẹ́. Ta ló gbọ́? Ó mú bóòtù dúdú tó tú lára lọ́rì akẹ́rù kòkó, ó gbé e lé àpáta nínú oòrùn, ó fi òòlù lù ú. Kò ṣẹ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Inú oòrùn kọ́ ló máa gbé," mo ní. "Nínú òtútù tó ń sọ ẹja di òkúta, irin líle bẹ́ẹ̀ máa ń ṣẹ́ bí ìgò ni."

"Àǹtí Ẹnjiníà, ṣé òtútù ń mú irin ni? Ká rán súẹ́tà fún un?"

Àbúrò màmá mi náà rẹ́rìn-ín. Bàbá yẹn kó bóòtù mi sápò.

Kò ju oṣù mẹ́ta lọ, fáànù já lé àbúrò màmá mi lápá bó ṣe ń gbé páálí ẹja. Mo rí ìdajì bóòtù dúdú náà nílẹ̀: kò tẹ̀ rárá, ojú ibi tó ti ṣẹ́ ń dán wínníwínní bí ṣúgà. Mo ní kí wọ́n bá mi tọ́jú ẹ̀. Nígbà tí mo padà dé láti ọsibítù, wọ́n ní àwọn ti gbá a dànù. Lẹ́tà ẹgbẹ́ ló tẹ̀ lé e: bóòtù inú àwòrán mi ló ṣẹ́.

"Ọmọ mi," àbúrò màmá mi bi mí, apá ẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì tí dókítà fi dì í, "ṣé lóòótọ́ ni pé bóòtù tìẹ ló ṣẹ́?"

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò lè jókòó sójú kan. Ohun tí mo wá mọ̀ rèé: mágínẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ni àwọn oníirin àlòkù fi ń dá sítenlẹ́ẹ̀sì mọ̀. Bí kò bá ti gbé e, ojúlówó ni. Bàbá yẹn mọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́, ẹ dá mi lóhùn. Ta ló gbà kí wọ́n yí ohun tí mo kọ padà? Ta ló gbá ìdajì bóòtù yẹn dànù? Bóòtù mi mẹ́jọ dà? Ẹ má kọ lẹ́tà mọ́. Ẹ wá sọ ọ́ lójú ẹni tí apá ẹ̀ kán.