Omi Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó tí Wọ́n Ní Kí N Yẹ̀ Wò

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta ọṣẹ ní ọjà Makola ní Ghana, mo sì rò pé kò sí ohun ìfọǹkan kankan tó tún lè rú mi lójú mọ́. Àfi ọjọ́ tí Akosua gbé ìgò rẹ̀ wá.

Akosua ń gé ọ̀pẹ̀ òyìnbó tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ trotro. Ó gbé ìgò kan síwájú mi, irú èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ lọ́rùn kó fín omi jáde.

“Hajia,” ó fi èdè Twi sọ ọ́, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin, “nǹkan ìfọlé ni. Èmi ni mo ṣe é. Kò ní kẹ́míkà, kì í ba ilẹ̀ jẹ́, kì í pa ẹja inú omi. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ ẹ bá ní ó dáa, gbogbo ọlọ́ṣẹ ló máa gbà á.”

Mo bojú wo gọ́tà tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

Mo ní, “Akosua, ẹja wo?”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹja yẹn ò kúrò lọ́kàn mi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìdí tó fi wá bá mi rèé. Ọṣẹ dúdú wa yìí, alata samina làwọn ará Ghana ń pè é, ìyẹn ọṣẹ àwọn Aláta. Àwa Yorùbá ni Aláta. Tí wọ́n bá ti fi orúkọ rẹ pe ọṣẹ, ó di dandan kó o mọ ọṣẹ, bó o mọ̀ ọ́n, bó ò mọ̀ ọ́n. Ìyá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ kò kàwé, èmi náà sì tètè sá fún ìwé. Ohun tó kọ́ mi ni pé a kì í fi ojú wo ọṣẹ, ahọ́n la fi ń wò ó. Bu díẹ̀, lá a. Bó bá jó ẹ lẹ́nu bí iná, eérú rẹ̀ ti pọ̀ jù, á bó oníbàárà lọ́wọ́. Bó bá yọ̀ bọ̀rọ́ lórí ahọ́n, epo ló pọ̀, kò ní hó. Ọṣẹ gidi a máa ta ni díẹ̀, á sì fi ni sílẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ tó fẹ́ràn ẹni.

Mo fín omi Akosua sórí tábìlì mi, níbi tí epo shito, ata díndín àwọn ará Ghana, ti gbẹ mọ́ látàrí kẹ́ńkẹ́ tí mo máa ń jẹ níbẹ̀. Kò hó. Mo dúró dè é pé kó ṣe nǹkan, kò ṣe nǹkan kan. Mo fi àkísà nù ún, epo ti lọ! Mo wo àkísà, mo wo tábìlì. Ta ló fọ̀ ọ́? Oníbàárà tí ò bá rí ìhó, kò lè gbà láéláé pé òun fọ nǹkan. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ láìpariwo, báwo ni èèyàn ṣe fẹ́ polówó ẹ̀?

Ó wá ku ahọ́n. Mo fín díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo lá a. Ó kan. Adùn kan tún tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, òórùn kan sọ sókè nímú mi bí ìdí akèrègbè ẹmu.

Mo ní kí wọ́n pè é wá láti ibùdókọ̀. “Akosua, kí lo fi ṣe é?”

“Èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó, Hajia. Mo fi ṣúgà àti omi sí i, mo dé e mọ́lẹ̀ títí tó fi kan.”

Kí n tó lanu, Alhaja Rámọ́tù wọlé. Òun ni olórí àwa obìnrin ní mọ́sálásí wa tó wà lẹ́yìn Cow Lane. Ó wá wo ọṣẹ tá a máa fi fọ mọ́sálásí kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ìyá mi ló ń gbé ọṣẹ yẹn kalẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí nǹkan mìíràn tí mo fi ń yangàn láàárín wọn. A dì mọ́ra. Kíá ló fà sẹ́yìn.

“Sàfúrá, ọtí lo mu ni?”

“Ọtí kẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Ọṣẹ ni mo lá.”

“O lá ọṣẹ, ẹnu rẹ wá ń rùn fún ọtí?”

Ọ̀rọ̀ yìí dé Cow Lane kí èmi tó dé ibẹ̀. Wọ́n ní Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti ń mutí ní ṣọ́ọ̀bù, pé ọ̀mùtí kò gbọdọ̀ gbé ọṣẹ wọ mọ́sálásí mọ́.

Mo mú ìgò, mo mú Akosua, ó di ọ̀dọ̀ Lèmọ́mù. Mo fi ìborùn mi bo Akosua lórí, ó sì wá jọ Mùsùlùmí ju Rámọ́tù lọ. Rámọ́tù fúnra rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Lèmọ́mù gbóòórùn ìgò náà, ó tún un gbọ́.

Ó ní, “Ohun aládùn tó bá ń kan, ọtí ló máa kọ́kọ́ dà. Bó bá kan kọjá ibẹ̀, á di omi kíkan lásán, irú èyí tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ. Ìyẹn ti mọ́.”

Rámọ́tù ní, “Báwo la ṣe máa mọ èyí tó ti kọjá ibẹ̀?”

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Akosua. Ó ní, “Èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tẹ́ ẹ bá ṣí i, á ké ṣàà. Èyí tó ti parí kì í sọ̀rọ̀ mọ́.”

“Ó dáa,” Lèmọ́mù wí. “Èyí tó ń ké, ẹ má mú un wọlé. Èyí tó ti dákẹ́, ẹ mú un wá.”

“Lèmọ́mù, èyí tí mo lá ńkọ́?”

Gbogbo wa wo Akosua. Ó wolẹ̀. “Mi ò rántí, Hajia.”

Ẹ gbà mí o! Ṣé mo mutí ni, àbí mi ò mutí? Lèmọ́mù ní ẹni tí kò mọ̀ kò jẹ̀bi. Rámọ́tù ní kò jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó rùn. Orí mi fò lọ. Látijọ́, ọṣẹ tí kò bá hó, mi ò jẹ́ tà á. Eléyìí ní tiẹ̀, bó bá hó, kò gbọdọ̀ wọlé Ọlọ́run.

Lèmọ́mù wá pín ilẹ̀ ibi tí àwa obìnrin ti ń kírun sí méjì. Ó ní kí n fi omi Akosua tó ti dákẹ́ fọ apá kan, kí Rámọ́tù fi ọṣẹ àti bílíìṣì fọ apá kejì, kí àwọn ìyá wá fúnra wọn yan èyí tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Rámọ́tù kó èèyàn lẹ́yìn, wọ́n da ìhó bo ilẹ̀ bí etí òkun, wọ́n ń kọrin. Èmi nìkan ń fín, mò ń nù, bí ẹni tó ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Nígbà tí Jímọ̀ dé, ẹní ṣì ń gbẹ lóòrùn, orí táìlì la ti kírun. Àwọn ìyá kọ́kọ́ kọjú sí apá Rámọ́tù, nítorí ọtí tí wọ́n ní mo mu. Kò pẹ́, ikọ́ bẹ̀rẹ̀, bílíìṣì ń ta wọ́n lójú. Ọ̀kan dìde, ó ní òun ń wá atẹ́gùn. Òmíràn náà rántí atẹ́gùn. Nígbà tí ìrun máa bẹ̀rẹ̀, apá tèmi ti kún, Rámọ́tù sì wá há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ mi láìwojú mi. A forí kanlẹ̀. A gbé orí. Rámọ́tù ò gbé tiẹ̀. Bóyá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló pọ̀ ni o, bóyá òórùn ilẹ̀ ló ń gbọ́, mi ò mọ̀ dòní.

Ìrun parí, ó fẹnu sí mi létí. “Sàfúrá, ìwọ náà ni kó o gbé ọṣẹ ààwẹ̀ kalẹ̀ o. Kó o sì mú ìgò kan wá fún ilé mi. Èyí tó ti dákẹ́ ni mo wí o!”

Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo to ìgò Akosua síwájú. Gbogbo wọn jọra bí ìbejì. Mo gbé ọ̀kan sétí, mo tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀, mo gbọ́ ṣàà, mo dá a padà. Mo gbé òmíràn. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, àbí mo gbọ́? Ariwo Makola kò jẹ́ kí n mọ̀. Mo ní kí ẹlẹ́ja tó wà lódìkejì dákẹ́. Ó bi mí pé ṣé ara mi yá. Bí ẹ bá kọjá lọ́jà wa, tẹ́ ẹ rí ìyá kan tó gbé ìgò sétí bíi fóònù, tó ń pariwo pé, “Ẹ dákẹ́, mò ń gbọ́ ọṣẹ!”, ẹ má sá. Iṣẹ́ ni mò ń ṣe.