Koríko Tí Ìyá Mi Fà Tu

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, lórí fóònù, nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ǹ bá má mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe páànù ìbolé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Sàngó Ọ̀tà níbí, ariwo ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ràn. Ẹni tó bá pè mí gbọ́dọ̀ pariwo. Ìyàwó mi ò pariwo lọ́jọ́ náà. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀, àfi ìgbà tí mo sá jáde síta ni mo tó gbọ́ ohun tó ń wí.

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Màámi ti bá yín ro àgbàlá."

"Wọ́n ro kí ni? Kí ló wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ro?"

"Koríko yín."

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀. Ìtàn téèyàn bá sáré sọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan á kù sẹ́yìn.

Ilé kékeré tí mo kọ́ sí Jójú ní àgbàlá kan lẹ́yìn, kò ju ibi tí ọkọ̀ mẹ́ta lè dúró sí lọ. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà lásán. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ ni. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, eruku rẹ̀ a bá wa jókòó ti oúnjẹ. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá wa rán mi níṣẹ́ lọ sí ilé àlejò ilé-iṣẹ́ wa. Mo dé ọ̀hún, mo bá koríko tó tẹ́ rẹrẹ bíi kápẹ́ẹ̀tì. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ẹnikẹ́ni, ni mo bá bọ́ bàtà mi, mo tẹ̀ ẹ́. Ọkàn mi ò bá mi padà sílé mọ́.

Bí mo ṣe lọ bá àwọn tó ń ta òdòdó létí títì Ìdí-Ìrókò nìyẹn. Sátidé mẹ́ta gbáko ni mo fi wà lórí ìkúnlẹ̀, tí mò ń to koríko náà ní ìdì kọ̀ọ̀kan. Aládùúgbò mi, ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà ní Ojú-Ọrẹ, gbé orí lé ògiri ilé mi, ó ń wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé igbó lẹ ń gbìn ni?"

"Koríko olówó ni, má dà mí láàmú."

"Háà! Àdá ni bàbá tèmi fi ń lé e lọ. Owó lẹ̀yin fi ń pè é wálé."

Koríko náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fara mọ́lẹ̀ ni ìyá mi dé láti abúlé wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwó. Wọn ò wá kí wa lásán. Ọyẹ́ tó kọjá ni wọ́n yọ̀ ṣubú lẹ́bàá kànga, kò sì sẹ́ni nínú ilé, nítorí bàbá mi ti sùn láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ìdájí ni wọ́n ṣubú. Ọ̀sán ti pọ́n kí ẹni tó wá ra epo tó bá wọn nílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo ní ó tán, ọ̀dọ̀ mi ni wọn yóò máa gbé. Wọ́n ní àwọn á wá kí mi, pé kí n má pè é ní gbígbé. Kí wọ́n má padà sídìí kànga yẹn ni gbogbo àdúrà mi.

Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣoko, ẹ wáá fi í jókòó síwájú tẹlifísàn. Lọ́jọ́ kẹrin wọ́n ní, "Ọkọ mi, ọwọ́ mi ń dùn mí."

"Kí ló ṣe wọ́n, Màámi?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń dùn wọ́n gan-an nìyẹn."

Lọ́jọ́ karùn-ún ni ìyàwó mi pè mí níbi iṣẹ́. Ó ní òun ń dáná lọ́wọ́, òun rò pé Màámi lọ yá oòrùn lẹ́yìn ilé ni. Kí òun tó yọjú, wọ́n ti fa koríko tu láti ẹsẹ̀ ògiri dé ẹsẹ̀ ògiri, wọ́n ti kó o jọ sí igun kan, wọ́n sì ti fi ọwọ̀ gbá ilẹ̀ náà débi pé ojú ọwọ̀ hàn lára rẹ̀ bí ilà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé abúlé mọ bó ṣe rí. Níbi tí wọ́n ti bí wa, àgbàlá tó bá hu koríko, ilé tí kò lẹ́nìkan ni. Ìyàwó tó bá jẹ́ kí koríko hù lẹ́yìn ilé ọkọ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti bàjẹ́ kó tó jí. Ìyá mi ò ṣe ju ohun tí wọ́n ti ń ṣe láti ọmọdébìnrin lọ.

Nígbà tí mo wọlé lálẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n fi pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "O ò tíì lọ wo ẹ̀yìnkùlé? Igbó ti fẹ́ gbé yín mì. Ìyàwó ò ráyè, mo bá yín ṣe é."

Mo lọ wò ó. Mo padà wá. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Màámi. Ẹ kú iṣẹ́." Ó tán. Ìyàwó mi ń wo ilẹ̀. À bá jọ gbé e mì pẹ̀lú omi tútù kó lọ bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ẹnu aládùúgbò mi. Ọjọ́ kejì ló tún gbé orí lé ògiri, ó pariwo, "Ìyá! Ẹ ti ro igbó tí Ẹ̀gbọ́n fi Sátidé mẹ́ta gbìn!"

Ojú ìyá mi yí padà. Àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo bá àpò onílà pupa àti búlúù tí wọ́n gbé wá láti ilé lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo ti dàgbà dé ibi tí mi ò mọ ohun tí wọ́n gbìn yàtọ̀ sí èyí tó hù. Jẹ́ kí n máa lọ sílé, kí n má tún lọ ba òmíràn jẹ́."

Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kò sí ìbínú níbẹ̀. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, wọ́n fà á dìde, wọ́n ní ìyàwó àwọn dáa, ọ̀nà ló pe àwọn. Ìgbà yẹn ni òfin kan láti agbo ilé wa wá sí mi lọ́kàn. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin nǹkan kì í jáde nílùú láìtọ́ ọ wò. Wọ́n ní ohun tó gbìn á máa pè é lẹ́yìn, kò ní í gbádùn ibi tó lọ. Ìyá mi ò fi òfin yẹn ṣeré rí.

Mo ní, "Ó dáa, Màámi. Ilẹ̀ tẹ́ ẹ ro ti wà lásán báyìí. Ẹ bá wa gbin tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó máa lọ."

Wọ́n wo ilẹ̀ náà, wọ́n wò mí. "Tẹ̀tẹ̀ kì í pẹ́."

"Kì í pẹ́, Màámi."

"Tí mo bá ti jẹ ẹ́, mo ń lọ o."

Bí àgbàlá wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Aládùúgbò mi, tí ẹ̀rí ọkàn ń dà láàmú, kó táyà tó ti jẹ tán wá, mẹ́fà. Ìyá mi yí ọ̀kan ká. "Èyí tó ti rìn tó báyìí, ó yẹ kó jókòó." A tẹ́ wọn nílẹ̀, a fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù nígbà tí mo kun ògiri kùn wọ́n, a da ilẹ̀ sí wọn nínú, a gbin tẹ̀tẹ̀ sí mẹ́ta, ṣọkọ sí mẹ́ta. Ike ọ̀dà tó ṣófo náà di ilé gbúre, ṣùgbọ́n ìyá mi ò jẹ́ kí n da ilẹ̀ sínú ẹyọ kan láìfi ìṣó gbígbóná dá ihò sí ìdí rẹ̀. "Ewébẹ̀ náà á fẹ́ nu ara tó bá wẹ̀ tán." Ìgò ọtí dídùn tí mò ń rò pé màá kó dànù, wọ́n ní kí n dojú wọn bo ilẹ̀ ní ìlà gbọọrọ, ìdí wọn wá di etí ọ̀nà tó ń tàn bí oòrùn bá kàn án. Omi ilé ìwẹ̀ tó ń sọ ẹ̀yìn ilé di ẹrẹ̀, a la ojú ọ̀nà fún un, èmi gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ síbi tó parí sí. Ẹrẹ̀ tán. Mo ti ń wá ẹni tó máa da kọnkéré síbẹ̀ láti ọdún mélòó kan wá.

Búútà tó jò ni ìyàwó mi so mọ́ ojú fèrèsé, ó gbin efinrin sínú rẹ̀. Ó ní ẹ̀fọn ò ní í wọlé. Mi ò lè búra pé wọn ò wọlé, àmọ́ àwọn tó ń wọlé ń rùn dáadáa.

Tẹ̀tẹ̀ tó já kí oṣù kan tó pé. Ìyá mi sè é, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n gbé àpò dé ẹnu ọ̀nà. Èmi náà ti gbọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo ti ra ọmọ ata wá, mo ní kí wọ́n bá mi fi ọwọ́ wọn tó tutù gbìn ín.

"Màámi, ata ńkọ́? Ẹ ò tíì tọ́ ọ wò."

Wọ́n wo ata náà. Kò ga ju ìka lọ. "Oṣù mélòó nìyẹn?"

"Kò pẹ́."

Wọ́n gbé àpò padà sí yàrá.

Ata yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ já mi kulẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ ni mo lọ kó wá láti oko adìyẹ kan ní Alápòtì, mo sì dà á sí i ní tútù bí mo ṣe gbé e dé. Lọ́jọ́ kẹta, ewé rẹ̀ ń jó bí ẹni pé wọ́n yan án. Ìyá mi bu ẹnu àtẹ́ lù mí: "Ṣé o máa ń jẹ ẹ̀kọ tó ń hó ni? Gbé e síbi kan kó tutù fún oṣù kan tàbí méjì, kó o tó fi bọ́ ohun ọ̀gbìn." Wọ́n gbin òmíràn rọ́pò èyí tó kú. Mo dúpẹ́ nínú ara mi, nítorí ọjọ́ ti tún sún síwájú.

Nígbà tí ata wáá pọ́n, àwọn ẹyẹ dé. Mo kan igi méjì mọ́ra, mo gbé aṣọ iṣẹ́ mi àtijọ́ wọ̀ ọ́, mo fi akoto ibi iṣẹ́ dé e lórí, ó di aṣọ́komásùn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, aládùúgbò mi ń kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o!" Kò gbọ́ èsì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́!" Nígbà kẹta, ó wọlé wá bá ìyá mi. "Ìyá, ẹ bá mi bẹ Ẹ̀gbọ́n. Tí ó bá jẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ koríko yẹn ni, mo ti tọrọ àforíjì."

Inú yàrá ni mo wà, mò ń gbọ́. Ìyá mi ní, "Má dá a lóhùn. Òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́ ládùúgbò yìí."

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn láti ìgbà tí bàbá mi ti lọ.

Wọ́n jẹ ata tán, ìbẹ́pẹ tí mo ti ní kí wọ́n gbìn wà nílẹ̀. Ìbẹ́pẹ gbà mí lóṣù púpọ̀, mo sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kì í pọ́n. Nígbà tí ọyẹ́ tún padà dé, a gé èyí àkọ́kọ́, ìyá mi jẹ ẹ́ lórí ìjókòó wọn lẹ́bàá táyà. Wọ́n nu ẹnu. Wọ́n dìde. Wọ́n gbé àpò wá sẹ́nu ọ̀nà. Mo wo gbogbo àgbàlá, kò sí ohun kan tí wọn ò tíì tọ́ wò. Iṣẹ́ ti pọ̀ fún mi lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò ra nǹkan kan pamọ́. Ìdí kànga ló wá sí mi lójú.

"Ọkọ mi, tú àpò yẹn. Bá mi mú ọkọ́ kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

Mo tú u. Ìró kan ṣoṣo ló wà lókè. Gbogbo aṣọ wọn yòókù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọn ò kó wọn rí. Abẹ́ ìró náà, àkísà tí wọ́n ta ní kókó ló kún ibẹ̀. Mo tú ọ̀kan: irúgbìn ilá. Mo tú òmíràn: ẹ̀gúsí. Ẹ̀kẹta, gbọ̀rọ̀. Ọkọ́ wà nísàlẹ̀, wọ́n fi ìwé ìròyìn tó ti pọ́n wé e.

"Màámi, nígbà wo lẹ kó ìwọ̀nyí?"

"Ọjọ́ tí mò ń bọ̀ láti ilé."

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé? Ọkọ́ lẹ gbé wá kí mi?"

Wọ́n tẹ́ ọwọ́ òsì wọn, kóró àgbálùmọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, wọ́n ti lá wọn mọ́. "Gbẹ́ ihò fún mi ní igun yẹn."

"Àgbálùmọ̀! Ọdún mélòó ni yóò fi so?"

"Kò pẹ́," ni wọ́n wí.

Àgbálùmọ̀ náà ti dé orúnkún mi báyìí. Mi ò rí àpò yẹn lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Alùbọ́sà ni ìyàwó mi ń kó sínú rẹ̀. Koríko mi ti rọra yọ orí padà ní igun ibẹ̀, ó tẹ́ bí ẹní kékeré sí ìdí igi náà. Ní àràárọ̀, ìyá mi ń gbálẹ̀ àgbàlá, wọ́n á gbá a dé etí koríko náà, wọ́n á yí i po, wọ́n á kọjá. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi fà á tu. Wọ́n ní, "Ṣé kì í ṣe pé o gbìn ín ni?"

Ìwọ tó o fara balẹ̀ gbọ́ mi dé ibí, lọ́jọ́ tí ìyá mi ro ilẹ̀ yẹn láti ògiri dé ògiri, tí àkísà irúgbìn wà nínú àpò wọn ní yàrá, ṣé o rò pé wọ́n ṣèèṣì ni?