Bí Mo Ṣe Ṣi Ọ̀rọ̀ Dókítà Túmọ̀ fún Bàbá Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi àti bàbá mi lọ́dún tí mo jáde ní yunifásítì. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́, torí pé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi.

Àdúgbò Kpàtà ni wọ́n bí mi sí, ní Lọ́kọ́ja. Ará Ìlọrin ni bàbá mi, ẹja gbígbẹ ló sì ń tà létí odò Ọya láti ìgbà èwe rẹ̀. Nǹkan kan tó dà bí ẹran hù sí ibi funfun ojú rẹ̀ ọ̀tún. A ní èéfín ẹja ló fà á. Nígbà tí mo fi délé, ó ti ń sún mọ́ ibi dúdú.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà òyìnbó kan. Dókítà kò gbọ́ Yorùbá, bàbá mi kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni yóò túmọ̀? Èmi Súlè tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gboyè ni.

Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, àmọ́ kò tíì wọ inú ojú. Ó ní ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ ọdún nínú oòrùn wà lára ohun tó fà á. Wọn yóò gé e ní Ìbàdàn. Lẹ́yìn náà, wọn yóò máa fi irin kékeré kan lé ojú náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Agbára kan ń jáde lára irin yẹn tí yóò pa ìyókù tí ọ̀bẹ kò rí. Bí a bá jáfara, àfi kí wọ́n yọ ẹyinjú náà.

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ dáadáa, àfi orúkọ agbára yẹn. Mi ò mọ Yorùbá rẹ̀, ojú sì tì mí láti sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Bàbá, wọn yóò fi iná sí i.”

Bàbá mi dìde, ó wá bàtà rẹ̀. “Ìrun márùn-ún ni mò ń kí lójúmọ́, tí mò ń bẹ Ọlọ́run kó yọ mí nínú iná. Ìwọ wá fẹ́ bá òyìnbó gbé e sí mi lójú?”

Nígbà tí a délé, Ìyá Sálámì, àbúrò bàbá mi, gbọ́. “Ẹ kú oríire o,” ló wí. “Súlè alákọ̀wé dé, ó fẹ́ yan bàbá ẹ̀ bí ẹja.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, bàbá mi kò gbà. Nǹkan náà ń tóbi sí i. Ṣé kí n ní olóríkunkun ni? Mo rò ó síwá sẹ́yìn: ohun tó gbọ́ ló kọ̀, èmi ni mo sì sọ ọ́.

Mo padà sọ́dọ̀ dókítà, mo bi í bóyá irin náà ń gbóná. Ó ní rárá, bí ìtànṣán oòrùn tí a kì í rí ló rí, àmọ́ ojú lè pọ́n, ó sì lè ṣe bàìbàì tó bá yá.

Mo bá bàbá mi níbi tó ti ń to ẹja. Mo ní, “Bàbá, mo ṣì í sọ. Kì í ṣe iná. Ìtànṣán ni, bíi ti oòrùn, àmọ́ ojú kì í rí i.”

Ó gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Oòrùn tó bà á jẹ́ náà ni ẹ tún fẹ́ fi tún un ṣe?”

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Mo ní, “Mi ò mọ̀, Bàbá. Dókítà ní ó ti wo àwọn mìíràn sàn. Ó tún ní ojú lè ṣe bàìbàì. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mi ò mọ̀.”

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. “Látìgbà tí o ti dé, òní lo kọ́kọ́ sọ pé o ò mọ nǹkan. Lọ wá lọ́rì Ìbàdàn.”

Ìyá Sálámì tó jókòó nítòsí ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ò bà yín ni?”

“Ó ń bà mí. Àmọ́ ọmọ yìí kò ṣe bí ẹni tó mọ̀ fún mi lónìí.”

Ní Ìbàdàn, wọ́n gé e. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lo irin náà, wọ́n kán oògùn sí i lójú, wọ́n fi irin lé e, wọ́n sì gbé e kúrò. Bàbá mi bi mí pé ìgbà wo ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Mo ní wọ́n ti ṣe tán.

Wọn kò yọ ẹyinjú náà. Ṣùgbọ́n dókítà ibẹ̀ ní ibi tí òun gé tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, torí a pẹ́. Bàbá mi kò fi ojú náà ríran dáadáa ní ẹ̀gbẹ́ kan mọ́. Ṣé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mi ló fà á, àbí ìtànṣán? Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà. A ṣì ń padà lọ fún àyẹ̀wò, torí wọn kò ṣèlérí pé kò ní hù mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ kò pọ̀: ẹni tó ń túmọ̀ fún aláìsàn kò gbọdọ̀ tijú “mi ò mọ̀”. Ìtìjú mi ò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ojú bàbá mi ló sì san án.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti túmọ̀ fún òbí yín rí níwájú dókítà? Ọ̀rọ̀ wo ló há yín lọ́rùn? Ẹ kọ ọ́ sí mi ní Yorùbá. Bàbá mi ní kí n máa kà á sí òun létí, kí n má ṣe túmọ̀ nǹkan kan.