Gínì Funfun Tó Di Dúdú

Ojú mi ló ṣe. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn, irọ́ ló gbọ́, torí pé ẹ̀gbẹ́ bàbá àti ọmọ náà ni mo dúró sí. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà ní pámárì, àmọ́ ní gbogbo Main Market Onitsha, èmi nìkan ló lè fọwọ́ kan aṣọ gínì nínú òkùnkùn kí n sọ èyí tó jẹ́ ojúlówó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ̀rọ̀ kàn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé ní Trans-Nkisi. Dúdú ló ń wọ̀ ṣáá: ṣòkòtò gbàgẹ̀rẹ̀ tó ń gbálẹ̀, ṣéènì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò, ọ̀dà dúdú léèékánná.

Bàbá ẹ̀ á ní, "Ta lò ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀? Èmi ṣì wà láyé o."

Ọmọ á ní, "Dádì, na cloth na. Aṣọ lásán ni."

Aṣọ lásán, ọmọ oníṣòwò aṣọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà Ìtunu Ààwẹ̀ èṣí, ẹ̀gbọ́n mi gé gínì funfun fún òun àti ọmọ náà, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún, kí wọ́n lè jọ dúró ní sàfù kan náà, ìlà àwọn tó ń kírun. Ọmọ gbà á, ó dúpẹ́. Àárọ̀ ọdún ló jáde sí mi. Ó ti pa gínì náà láró dúdú. Ṣùgbọ́n kò sí ṣéènì, ó ti fọ èékánná ẹ̀ mọ́, fìlà sì wà lórí ẹ̀.

Ó ní, "Dádì kékeré, mo wọ tiwọn, mo wọ tèmi mọ́ ọn. Ṣé wọ́n á gbà?"

Mo fọwọ́ pa aṣọ náà. Aró ọ̀hún dọ́gba láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Àwọn tó ń fi aró pípa jẹun gan-an kì í pa á tó bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Wọ́n á gbà."

Ní yídì, ẹ̀gbọ́n mi wo aṣọ náà láti òkè délẹ̀. Ó kàn ká ẹní ẹ̀ kúrò láàárín wa, ó lọ sẹ́yìn. Lèmọ́mù ń kéde pé ká dí àlàfo. Èmi ni mo sún mọ́ ọmọ náà.

Ìrun parí, àwọn èèyàn ń dì mọ́ra. Ọmọ náà lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá ẹ̀: "Ẹ kú ọdún, Dádì."

Ọlọ́jà kan tó dúró tì wọ́n rẹ́rìn-ín. "Alhaji, ta ló kú nílé yín? Àbí ọmọ yín kọ́ nìyí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ò wo ilẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe ọmọ mi. Ọmọ iṣẹ́ àbúrò mi ni."

Ọmọ náà dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò lára. Ó wá bá mi, ó fi ohùn àwọn ọmọ iṣẹ́ Onitsha tí ọdún wọn pé lọ́wọ́ ọ̀gá sọ̀rọ̀: "Ọ̀gá mi, ìgbà wo lẹ máa sẹ́tù mi, kí n gbowó òwò kí n máa lọ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti tán níbẹ̀. Ó ní òun ń lọ ra omi. Kò padà wá.

Nọ́ńbà ẹ̀ ò lọ mọ́. Ìyá ẹ̀ ti wá a dé Asaba, ó wá a dé Bìní. Ẹ̀gbọ́n mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ nígbà tí ọdún tún kù díẹ̀, mo rí i nínú ṣọ́ọ̀bù tó wọn gínì èèyàn méjì, tó dúró, tó sì ká a padà láì gé e.

Ohun tó sọnù nìyí: ọmọ kan. Ẹ̀rín ìyá kan. Ọmọ ìyá méjì, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, tí kò jọ jẹun mọ́.