Ọwọ́ Mi Nínú Àwòrán Náà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí bóyá ìbò ayé àtijọ́ mọ́ ju ti òde òní lọ, ẹ gbọ́ èyí ná. Ní àwọn ọdún díẹ̀ tó ṣáájú òmìnira, nígbà tí òyìnbó ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, èmi ni akọ̀wé àwọn ọ̀dọ́ nínú ẹgbẹ́ Alátùpà ní Ọ̀wọ̀. Tíṣà ni mí, n kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo sì gbà pé ẹnikẹ́ni tí kò bá sí lẹ́yìn wa, ọ̀tá ìlú ni. Òmùgọ̀ ni mí, òmùgọ̀ tó mọ̀wé kà, irú wọn ló sì léwu jù.

Iṣẹ́ mi ni láti máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí àwọn ìlú oko, kí n ka ìwé ìròyìn fún àwọn àgbẹ̀. Ní Imeri, abẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń wọn kòkó ni a ti ń pàdé. Bí mo bá kà á tán, wọn á bi mí pé, "Tíṣà, ṣé inú ìwé ló wà, àbí ẹ̀yin lẹ sọ ọ́?" Bí mo bá ti ní inú ìwé ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ fún wọn lọ́pọ̀ ìgbà pé ẹnu lè purọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sínú ìwé, wọ́n ti wádìí rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹni tí ẹgbẹ́ Alágogo fà kalẹ̀ láti bá wa du ipò ni Bàbá Ajíbádé, dìsípẹ́ńsà tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́. Kí ọ̀rọ̀ ìbò tó dé rárá ló ti ń rọ àwọn ará Imeri pé kí wọ́n wá ilẹ̀ fún dìsípẹ́ńsárì, ilé ìwòsàn kékeré, nítorí aboyún tí ọmọ bá há mọ́ nínú níbẹ̀, Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ, àwọn mìíràn kì í sì í débẹ̀. Opó kan tí à ń pè ní Ìyá Adéọlá ló yọ̀ǹda ilẹ̀. Adéọlá ọmọ rẹ̀ ti kú sójú ọ̀nà Ọ̀wọ̀, tòun toyún. Igi kòkó márùn-ún wà lórí ilẹ̀ náà. Ìyá ní kí a gé wọn. Ìlú jáde fún ọ̀wẹ̀, èmi náà bá wọn lọ. Bàbá Ajíbádé mú àdá, èmi di igi mú kí ó má baà wó lu ènìyàn, ayàwòrán kan láti Ọ̀wọ̀ sì ya wá. Ó fún mi ní ẹ̀dà kan.

Nígbà tí ìbò ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ wa bi mí bóyá mo ní àwòrán Ajíbádé. Mo fún un. N kò béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ẹgbẹ́ wa ló ni ìwé ìròyìn tí mo ń kà kiri, mo sì mọ ohun tó máa ń kọ nípa àwọn tí kò sí lẹ́yìn wa.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwòrán náà jáde lójú ewé àkọ́kọ́: Ajíbádé pẹ̀lú àdá lẹ́bàá igi kòkó. Wọ́n kọ sábẹ̀ rẹ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Imeri, pé bí Alágogo bá wọlé, igi kòkó kan ò ní ṣẹ́ kù lóòró. Ẹ rántí pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti gé kòkó tí àrùn mú lápá ibòmíràn, ìròyìn ẹkún àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀rù yẹn ni ẹgbẹ́ wa ń fẹ́ iná sí. Wọ́n ti gé èmi kúrò nínú àwòrán. Ọwọ́ mi nìkan ló ṣẹ́ kù létí rẹ̀, tó di igi mú.

Mo kà á ní Imeri, mo sì gbé e sókè kí wọ́n fojú ara wọn rí i. Àwọn tó wà níbi ọ̀wẹ̀ yẹn gan-an ló kọ́kọ́ figbe ta. "Àṣé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyẹn! Àṣé ẹ̀tàn ni dìsípẹ́ńsárì!" Wọ́n ti rí òótọ́ pẹ̀lú ojú ara wọn, wọ́n sì sọ ọ́ nù nítorí ìwé.

Ìyá Adéọlá dìde, ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ka èdè ìlú wọn ló fi sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ báyìí kí gbogbo yín lè gbọ́ ọ.

"Tíṣà, ọwọ́ ta nìyí?"

Ó fi ìka kan ọwọ́ inú àwòrán náà.

"Ọwọ́ rẹ ni. Aago rẹ rèé. Ìwọ lo di igi mú. Ṣé torí kí kòkó lè tán la ṣe ń gé e lọ́jọ́ náà, àbí torí ibi tí aboyún máa bímọ sí?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Gbólóhùn kan péré ló kù kí n sọ. Mo rántí akọ̀wé àgbà, mo rántí ipò tí wọ́n ṣèlérí fún mi.

"Ìyá," mo ní, "inú ìwé ló wà."

Ó ká ìwé náà dáadáa, ó dá a padà fún mi. "Ó dáa, ọmọ mi. Kí ìwé máa gbẹ̀bí fún wa."

A wọlé. Àpótí tó ní àwòrán àtùpà kún ní Imeri, ti agogo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. A jó yí Ọ̀wọ̀ ká. N kò ní purọ́ fún yín, ẹgbẹ́ wa ṣe dáadáa níbòmíràn: a kọ́ ilé ẹ̀kọ́, a la ọ̀nà. Ṣùgbọ́n dìsípẹ́ńsárì Imeri, ibi tí àwọn èèkàn wa ti ní ará ni wọ́n gbé e lọ. Bàbá Ajíbádé kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ lọ wo aláìsàn, àwọn kan a sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n gbádùn. Mo bẹ akọ̀wé àgbà pé kí a kọ òótọ́ rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn. Ó wò mí bí ẹni tí orí ń yí. "Ìbò ti parí. Kí lo tún ń wá?" Mo bá gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Imeri lọ́wọ́ òfo, mo dúró lábẹ́ àtíbàbà, mo ní irọ́ ni mo kà fún wọn.

Bàbá àgbàlagbà kan bi mí pé, "Ṣé inú ìwé ló wà?"

"Rárá, bàbá. Ẹnu ara mi ni."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ó dà bíi pé Alágogo ti fowó wá rí Tíṣà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Mo ti dúró ju ogún ọdún lọ, òtítọ́ tèmi kò tíì bá a. Èmi tí ó yẹ kí n rán an níṣẹ́, mo ti kọ́ ìlú pé kí wọ́n má gbà á láìsí ìwé.

Mo bá Ìyá Adéọlá lórí ilẹ̀ rẹ̀. Koríko ti bo ibi tí a fẹ́ kọ́lé sí. Ó ti ro díẹ̀ níbẹ̀, ó ti gbẹ́ ihò márùn-ún, ó sì ń gbin ọmọ kòkó padà. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀, mo ń sunkún. Kò sọ pé òun dárí jì mí, títí ó fi kú kò sọ ọ́. Ó kàn na ọmọ kòkó kan sí mi, ó ní, "Dìde, wá bá mi di èyí mú kí n kó yẹ̀pẹ̀ sí i. Ṣebí o mọ igi dì mú."