Àgbàdo Tí Kòkòrò Kò Jẹ

Mọ́rìnọ́lá Ògúnlékè, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta, ni olùtọ́jú ilé ìdámẹ́wàá ní abúlé wọn lẹ́yìn Pobè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sọ fún àwọn àgbà ìjọ pé òun kò ní ṣí ilẹ̀kùn ilé náà.

Àwọn baba tó kọ́kọ́ gba ìgbàgbọ́ ló fi amọ̀ pupa mọ ọ́n. Bí ìkórè bá dé, olúkúlùkù a gbé ìdámẹ́wàá àgbàdo rẹ̀ wá síbẹ̀. Bí oúnjẹ bá wọ́n, wọn a pín in fún àwọn opó. Ṣùgbọ́n olùtọ́jú ni yóò kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀ lójú gbogbo ìjọ. Ọkọ Mọ́rìnọ́lá jẹ ẹ́ títí ó fi kú, òun náà sì ti ń jẹ ẹ́ látìgbà náà.

Àgbàdo tí wọn yóò jẹ nílé, òkè ààrò ni wọ́n ń so ó kọ́ sí kí èéfín lé kòkòrò. Ti Ọlọ́run kò gbọdọ̀ dúdú. Nítorí náà kòkòrò a máa jẹ ẹ́, Mọ́rìnọ́lá a sì máa fẹ́ ẹ. Lọ́dún yìí, kò rí nǹkan kan fẹ́. Àgbàdo ń dán. Nígbà tó yá, eku kò sí mọ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ó bá ológbò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, ó ti gan.

Ó mọ òórùn ara àwọn àpò àgbàdo náà. Ó ti ṣiṣẹ́ oko òwú rí ní Kétou, nígbà ọmọge. Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń fín sí òwú ni.

Fálúyì, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló gbé èyí tó pọ̀ jù wá. Níwájú àwọn àgbà, kò sẹ́ pé òun ló fi oògùn sí i.

"Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni mo tọ́jú. Ìyàwó wa, àṣé ológbò náà ti ṣe ìrìbọmi, tí ẹ fi ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀?"

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Pásítọ̀ Léonce, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Àjàṣẹ́ dé, kò rẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ebi ń pa àwọn opó. Ẹ jẹ́ ká fọ̀ ọ́ dáadáa."

"Pásítọ̀, omi kì í fọ èyí. Kí Fálúyì kọ́kọ́ jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín dá. Fálúyì wolẹ̀.

"Olùtọ́jú ni àṣà wí," ló fi dáhùn.

Àwọn àgbà ní bí Mọ́rìnọ́lá kò bá jẹ ẹ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni ipò náà kàn: Elvire, tó lóyún oṣù méje. Inú Elvire dùn sí i.

"Màámi, ọdọọdún lẹ̀ ń jẹ ẹ́. Ṣé ó pa yín ni?"

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Mọ́rìnọ́lá ju kọ́kọ́rọ́ sí ṣáláńgá. Ó gbé ẹní rẹ̀ lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdámẹ́wàá, ibẹ̀ ló sì ń sùn. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Wọ́n kàn ń kọjá, wọ́n ń kí i, wọn kì í dúró.

Lówùúrọ̀ Sátidé, Damien tó ń jó irin ní Sakété yóò wá gé àgádágodo. Elvire yóò gbé àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ.